Bí Ọkùnrin Tí Ó Ti Lé ní 50 Ọdún Ṣe Lè Tọ́jú Agbára Ìbálòpọ̀ Rẹ̀

Ọkùnrin tí ó ti lé ní 50 ọdún kò lè retí pé kí ara òun máa ṣe bí ti ọmọ 20 ọdún lórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ó gbà pé ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ fún òun. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, okó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dìde, ó máa ń fẹ́ ìfọwọ́kàn ju kí ojú kàn rí nǹkan lọ, àtọ̀ tí ó ń jáde máa ń dín kù, ó sì lè gba odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ara tó tún múra sílẹ̀. Gbogbo èyí kì í ṣe àìsàn. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ ọkùnrin lóminú ni kí okó má le tó láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó le kí ó tún rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù 3. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994, fi hàn pé nínú àwọn ọkùnrin tí ó wà láàárín 40 sí 70 ọdún, 52 nínú 100 ni ó ní ìṣòro yìí, ó kàn jẹ́ pé ti ẹnì kan le ju ti ẹlòmíràn lọ ni. Ẹni tí ó bá ń rò pé òun nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí, kí ó mọ̀ dájú pé nínú àwọn ọ̀rẹ́ tí ń fọ́nnu níwájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó ń pa tiwọn mọ́ra.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé okó dìde. Nígbà tí ọkàn ọkùnrin bá fà sí obìnrin, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú okó á tú ara wọn sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, ara okó tí ó wú yìí á sì fún ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ náà ìbá gbà padà pa. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí tín-ín-rín púpọ̀. Fífẹ̀ inú rẹ̀ kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ, nígbà tí ti àwọn tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 4. Nítorí náà, bí ọ̀rá bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, okó ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn, ìyẹn sì lè tó ọdún 2 sí 5 ṣáájú kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹni. Lójú tèmi, àṣìṣe tí ó burú jù lọ tí ọkùnrin lè ṣe ni kí ó ra oògùn tí yóò gbé okó dìde lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ó sì fi ìkìlọ̀ tí ara rẹ̀ ń ṣe fún un sílẹ̀ láìgbọ́.

Ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yà sí kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ alágbo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kí ẹ tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Bí ìfúnpá bá ń dúró sí 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí ṣúgà àárọ̀ bá wà láàárín 100 sí 125 (mg/dL), ìtọ̀ ṣúgà ti ń kanlẹ̀kùn. Bí ó bá sì dé 126 lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wọlé. Àwọn tí ó wà ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń lo òǹkà mìíràn, yóò rí 126 yìí gẹ́gẹ́ bí 7 (mmol/L). Ìtọ̀ ṣúgà máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì máa ń ba iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára jẹ́ pẹ̀lú, ìdí nìyí tí okó àwọn tí ó ní i fi máa ń tètè rọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa máa ń sọ pé ohun dídùn ní ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, pé jẹ̀díjẹ̀dí ni ó sì ń gba agbára lọ́wọ́ ọkùnrin. Jẹ̀díjẹ̀dí fúnra rẹ̀, ìyẹn iṣan ìdí tí ó wú, kì í pa okó. Síbẹ̀ wọn kò jìnnà sí òótọ́ nípa ṣúgà; ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe ọṣẹ́ ni kò hàn sí wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà lè máa mu agbo jẹ̀dí fún ọdún gbọọrọ, kí àìsàn gan-an sì máa ráyè ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ lè fi yẹ ara yín wò nílé. Okó ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá máa ń dìde ní ìgbà mélòó kan lójú oorun, èyí tí ó kẹ́yìn sì ni a sábà máa ń bá nígbà tí a bá jí ní ìdájí. Bí tiyín bá ṣì ń dìde bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń kọ̀ nígbà tí ẹ bá sún mọ́ ìyàwó, ọkàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: gbèsè, ọ̀fọ̀, ìjà abẹ́lé tí kò parí, owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba kò tíì san, tàbí ìbẹ̀rù pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́sí yóò tún ṣẹlẹ̀. Bí kò bá dìde rárá, kódà ní ìdájí, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ni kí ẹ fura sí. Èròjà kan náà tún wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní testosterone, tí ó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà. Ẹni tí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, kì í ṣe pé okó rẹ̀ kàn rọ̀ nìkan. Kì í tilẹ̀ wù ú mọ́ láti bá obìnrin sùn, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́. Àárọ̀ ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí, nítorí pé àárọ̀ ni ó máa ń pọ̀ jù nínú ara. Kí ẹnikẹ́ni má gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò, nítorí pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ki jù.

Nípa ìgbé ayé ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ẹ fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, ẹ dín ọtí kù, ẹ dín òkèlè kù kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja rọ́pò rẹ̀, kí ikùn lè fà díẹ̀. Ẹ máa rìn kíákíá fún bí 40 ìṣẹ́jú ní ìgbà 4 lọ́sẹ̀, kí ìrìn náà yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin. Ó máa ń tó oṣù 6 kí àǹfààní rẹ̀ tó hàn kedere lórí ibùsùn, nítorí náà ẹ má ṣe jáwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ń hanrun gan-an, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun tí ìyàwó sì ń fi ìgúnpá jí i, kí ó sọ fún dókítà, nítorí pé oorun tí kò jinlẹ̀ máa ń dín testosterone kù.

Eré ìmárale kan tún wà tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Abẹ́ ara, láàárín ihò ìdí àti okó, ni ẹran ara kan wà tí ń ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ inú okó kí ó má tètè sá padà, ó sì máa ń dẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Ẹ jókòó sórí àga líle, kí ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹ fún ihò ìdí pọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí isó bọ́ láàárín àwùjọ, kí ẹ sì ṣe bí ẹni tí ń dá ìtọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá bọ́ sí i, ẹ ó rí i tí ìdí okó fà wọ inú díẹ̀, tí ẹpọ̀n sì gbé sókè; ikùn, itan àti ìdí kò gbọdọ̀ le, ẹ kò sì gbọdọ̀ sé èémí. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ tú u sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 mìíràn, kí ẹ ṣe é nígbà 10, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ó ṣeé ṣe nínú ọkọ̀, ó ṣeé ṣe nínú ìsìn, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di àṣà láti máa dán an wò nígbà tí ẹ bá ń tọ̀ lọ́wọ́. Nínú ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2005, ọkùnrin 55 ni ó kópa. Lẹ́yìn oṣù 6, okó 40 nínú 100 wọn ti padà sí ipò, nǹkan bí 35 nínú 100 sì rí ìyàtọ̀ tí ó dára.

Oògùn wà, kò sì sí ohun ìtìjú nínú lílo rẹ̀ bí dókítà bá ti yẹ̀ yín wò. Sildenafil, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Viagra, ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 1998. Oògùn àyà dídùn ni àwọn tí ó ṣe é ń wá tẹ́lẹ̀. Bíi wákàtí kan ṣáájú ni kí ẹ lò ó, kì í ṣe lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, ẹyọ kan ṣoṣo lóòjọ́, ẹni tí ó bá sì ti lé ní 65 ọdún sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mìlígíráàmù 25. Kì í gbé okó dìde fúnra rẹ̀ bí ọkàn kò bá fà sí ìbálòpọ̀. Tadalafil, oògùn mìíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 36. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn àyà tí wọ́n ń fi sí abẹ́ ahọ́n, tàbí isosorbide, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé ìfúnpá lè já wálẹ̀ lójijì kí ó sì gba ẹ̀mí. Bí okó bá le kọjá wákàtí 4 láìrọ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ afárá àti ní ibùdókọ̀ lórúkọ máńpáwà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Búrántáṣì tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súyà máa ń gbé ìfúnpá sókè; paraga ń fi ọtí líle kún un; àwọn aláṣẹ ètò ìlera ní onírúurú orílẹ̀-èdè sì ti bá sildenafil nínú àwọn ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ ewé àti egbò nìkan sí lára, tí ẹni tí ń lò ó kò mọ iye tí ó wọnú ara òun. Tramadol, oògùn ìrora tí àwọn kan ń lò kí wọ́n lè pẹ́ lórí obìnrin máa ń di bárakú, ó sì lè fa gìrì. Nígbà tí àgbàlagbà kan bá kú lórí obìnrin, igbe mágùn ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bèèrè ohun tí ó mu kí ó tó wọlé tàbí bí ọkàn rẹ̀ ti rí. Ọkùnrin tí ó bá lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì láìsí kí àyà dùn ún tàbí kí èémí gé e, ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba ìbálòpọ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí ó máa ń dín agbára kù, bí àwọn oògùn amúnitọ̀ àti propranolol. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, nítorí pé rọpárọsẹ̀ burú ju okó tí ó rọ̀ lọ. Ẹ sọ fún dókítà ní ṣàkó, yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bákan náà ni ti prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, tí ó máa ń tóbi sí i bí ọkùnrin ti ń dàgbà, tí ìtọ̀ á fi máa kán tótó tí ẹni náà á sì máa jí lóru: finasteride tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ lè mú kí ìbálòpọ̀ má wu ni mọ́. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ prostate kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Ní Ìlú Ọba, 1 nínú ọkùnrin dúdú 4 ni ó ń ní i láyé rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ 1 nínú 8 bí a bá ka gbogbo ọkùnrin pọ̀. Láti 45 ọdún ni kí ẹ ti bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo prostate, kí ẹ sì yẹra fún ìbálòpọ̀ fún wákàtí 48 ṣáájú rẹ̀.

Ó ku ìyàwó. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró máa ń gbẹ lójú ara, ó sì lè máa sá fún ọkọ nítorí ìrora, kí ọkọ rò pé òun kò wù ú mọ́. Jẹ́lì olómi tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn máa ń yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹ sọ ọ́ ní ọ̀sán, nígbà tí ara kò gbóná, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bá yín lọ rí dókítà bí ó bá fẹ́. Ìdájí, lẹ́yìn oorun tó dára, máa ń rọrùn fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ju òru tí ó ti rẹ̀ wọ́n lọ. Ẹni tí ó bá sì ní ju obìnrin kan lọ, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ òmíràn lẹ́yìn ikú ìyàwó, kí àwọn méjèèjì ṣe àyẹ̀wò HIV kí wọ́n tó fi kọ́ńdọ́ọ̀mù sílẹ̀.