Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Sẹ́párétọ̀ Ní Iléeṣẹ́ Wàrà

Sẹ́párétọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ya ọ̀rá kúrò lára wàrà tútù. Gustaf de Laval, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló ṣe irú èyí tí wàrà ń gba inú rẹ̀ kọjá láìdúró ní 1878. Abọ́ irin ńlá kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí bíríbírí, ó sì lè yí ju ìgbà 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀rá tó fúyẹ́ á fà sí àárín, wàrà yòókù á lọ sí ẹ̀gbẹ́, iyanrìn àti ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ara abọ́. Abọ́ yìí gan-an ni kí ẹ fojú sí jù. Bí pọ́ǹpù bá bàjẹ́, wàrà lásán ló máa dànù. Bí abọ́ bá tú lórí eré, ẹ̀mí lè lọ sí i.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Ẹ sẹ́ wàrà dáadáa kó tó dé inú ẹ̀rọ, pàápàá èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn darandaran, bíi ti agbègbè Ìsẹ́yìn. Eruku ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe kékeré.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má tíì pa ẹ̀rọ. Ẹ fi omi ṣàn án títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́, kí ẹ wá fi kọ́sítíìkì (sódà líle tí wọ́n fi ń se ọṣẹ) tí kò ju ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n ooru 70 sí 80°C. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tu ìdọ̀tí dànù lẹ́ẹ̀mélòó kan bí kọ́sítíìkì bá ṣe ń lọ nínú rẹ̀. Ẹ tún fi omi ṣàn án, kí ásíìdì náítíríìkì tí kò le tẹ̀lé e, kí ẹ wá fi omi parí rẹ̀. Ásíìdì yìí kò gbọdọ̀ pàdé bílíìsì láé, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ló máa jáde.

Ẹ máa wo ọ́ìlì gíà láti ojú gíláàsì rẹ̀. Tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wá ibi tí omi gbà wọlé. Tí ẹ bá rí ohun wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi góòlù nínú rẹ̀, eyín gíà ló ń jẹ.

Tí àkókò bá tó láti ṣí abọ́

Wákàtí tí ìwé ẹ̀rọ yín bá kọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ pa mọ́tọ̀, ẹ gé iná, ẹ fi àgádágodo ti suíìṣì rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Mọ́tọ̀ lè ti dákẹ́ kí abọ́ ṣì máa yí fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ má tú nǹkan kan títí yóò fi dúró pátápátá.

Òrùka ńlá tó de abọ́ pọ̀ sábà máa ń ṣí sí apá ọ̀tún, òdìkejì bí a ṣe ń tú nọ́ọ̀tì. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí eré abọ́ lè máa fún un le. Èyí ló mú kí yíyí sódì jẹ́ ewu ńlá: òrùka lè tú ara rẹ̀. Nílé wa níbí, tí wọ́n bá tún tiransifọ́mà àdúgbò ṣe, tàbí tí ẹ bá gbé jẹnẹrétọ̀ tuntun wọlé, fésì (àwọn wáyà iná tó ń wọ mọ́tọ̀) lè pààrọ̀ ipò, kí mọ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn. Ẹ fi ọfà tó wà lára ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jẹ́ kó sáré.

Ẹ kó àwọn àwo inú abọ́ jáde lẹ́sẹẹsẹ, ẹ rẹ wọ́n, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ wọ́n. Ẹ má fi wáyà ha wọ́n. Ẹ má yá ẹ̀yà abọ́ lára ẹ̀rọ mìíràn, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ irú kan náà, torí pé wọ́n ti wọn àwọn ẹ̀yà abọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ kó má baà gbọ̀n. Ihò tíńtín tí omi ń gbà ṣí abọ́ láti tu ìdọ̀tí dànù, tó sì ń gbà pa á dé, máa ń dí bí omi ibẹ̀ bá le. Ásíìdì inú fínígà, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ló máa ń yọ́ ẹfun tó dí i. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, wàrà á máa jò gba ojú ibi ìdọ̀tí. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo ara abọ́ dáadáa bóyá ó sán tàbí ó ní ihò wẹ́wẹ́. Abọ́ tó bá sán kì í ṣe ohun tí wẹ́dà máa jó. Ẹ kó o sílẹ̀.

Dídè é padà

Ẹ nu eyín òrùka mọ́, ẹ fi gíríìsì tí ìwé sọ pa á, kí ẹ fún un títí àmì ara òrùka yóò fi bá àmì ara abọ́ mu. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti máa le kí ó tó débẹ̀. Tó bá rọrùn jù, àwọn àwo ti fún pọ̀ jù, wọn yóò nílò àwo kan sí i. Tí òrùka bá kọjá àmì ju bí ìwé ṣe gbà lọ, eyín rẹ̀ ti jẹ. Ẹ má gbé e sáré mọ́, ẹ pe àwọn tó ṣe é. Ẹ máa kọ ibi tí àmì dúró sí sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dè é, ẹ ó lè tètè rí i bó ṣe ń rìn.

Tí ẹ bá tan án, yóò gbọ̀n díẹ̀ bí eré rẹ̀ ṣe ń gòkè, yóò sì rọlẹ̀. Tí kò bá rọlẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì, ẹ jẹ́ kí omi máa wọ inú abọ́, kí gbogbo ènìyàn sì jáde nínú yàrá náà títí yóò fi dúró.

Omi ni kó kọ́kọ́ gbà á kọjá, kí wàrà tó gbóná tó 50 sí 60°C wá tẹ̀lé e. Ẹ wọn ọ̀rá tó kù nínú wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀: bí ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ kọ́kọ́ wo ooru wàrà àti bó ṣe ń yára wọlé kí ẹ tó ronú láti tún abọ́ ṣí.