Gọ́ọ̀mù olómi yẹn ló fẹ́ ba pẹ́ńgúìnì àwọn ọmọ mi jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra páálí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé tí wọ́n kọ "gbogbo nǹkan ló wà nínú ẹ̀" sí lára, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi. Mo ra ọ̀kan káwọn ọmọ mi lè fi ṣe ẹranko ìgbà òtútù, obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 6, ọkùnrin jẹ́ 4. Ìgbà tá a tú u, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀, òwú díẹ̀, ojú oníke kéékèèké, àti gọ́ọ̀mù funfun kan tó ń ṣàn bí omi. Nígbẹ̀yìn, mo tún fowó mi ra pépà àti gọ́ọ̀mù míì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó nǹkan kan ṣoṣo, ó sì dùn mí gan-an.

Mi ò ní pẹ́ lórí gígé. Ara dúdú gígùn bí ẹyin, ikùn funfun tó kéré sí i, ẹnu àti ẹsẹ̀ aláwọ̀ ọsàn, pẹ́ńgúìnì ti dé nìyẹn.

Lílẹ ẹ̀ ni wàhálà. A fi gọ́ọ̀mù yẹn lẹ ikùn funfun mọ́ ara dúdú, kò pẹ́ rárá tí pépà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó hunjọ, etí ẹ̀ ká sókè. Ibi tí mo ti ń wò ó lọ́wọ́ ni àwọ̀ dúdú yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ inú funfun, ikùn pẹ́ńgúìnì di àwọ̀ eérú. Àbúrò bú sẹ́kún pé pẹ́ńgúìnì òun ti dọ̀tí. Mo gbé e síwájú fáànù, etí tún ká sí i. Mo fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé, mo sì ní láti fà á já. Láàárín gbogbo ẹ̀, "Mọ́mì, ṣé ó ti gbẹ?" ni mò ń gbọ́, wọ́n á sì fìka tẹ̀ ẹ́ wò, ìka á tún gbé ikùn kúrò láàyè ẹ̀.

Omi ló fà á o. Gọ́ọ̀mù funfun yẹn, omi pọ̀ nínú ẹ̀, pépà sì máa ń mu omi, tó bá mu ún á fẹ̀, tó bá ń gbẹ á sún kì, ibi tó mu púpọ̀ àti ibi tó mu díẹ̀ ò ní sún kì bákan náà, ló fi ń hunjọ. Pépà 80 gsm tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ò lè gba irú omi bẹ́ẹ̀ (gsm ni wọ́n fi ń sọ bí pépà ṣe wúwo tó). Èyí tí mo wá rà jẹ́ 160 gsm, mo sì ra gọ́ọ̀mù líle, èyí tí wọ́n ń yí jáde bíi líìpùsítíìkì. Ikùn lẹ̀ pẹrẹsẹ! Àbúrò fúnra ẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kò sídìí fún fáànù kankan.

Àmọ́ ẹ má da gọ́ọ̀mù olómi nù, ti òwú ló dáa fún. A fi àwo pépà ṣe orí béárì funfun, ó nípọn, kò hunjọ. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé dúdú ni awọ ara béárì yẹn lábẹ́ irun ẹ̀, ló bá ní àfi kóun kọ́kọ́ kun gbogbo àwo ní dúdú kóun tó lẹ òwú mọ́ ọn, mo ní òwú máa bò ó, ó ní òun mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe bàbá wọn kó wá wò ó.

Nǹkan míì tó bí mi nínú ni pé wọ́n ya béárì àti pẹ́ńgúìnì sórí yìnyín kan náà lára páálí yẹn. Ìhà àríwá ayé lọ́hùn-ún ni béárì wà, ìhà gúúsù ni pẹ́ńgúìnì wà, wọn kì í pàdé nínú igbó. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ ní ohun tí kì í ṣòótọ́? Ògiri méjì la lẹ tiwa mọ́. A tún gé ẹyin kékeré sórí ẹsẹ̀ pẹ́ńgúìnì, torí akọ pẹ́ńgúìnì ńlá tí wọ́n ń pè ní emperor ló máa ń gbé ẹyin sórí ẹsẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì nínú òtútù, tí ìyá á ti lọ wá oúnjẹ lókun. Àbúrò fẹ́ràn ìyẹn ju ojú àti ẹnu lọ.

Ẹ bá mi gé gbogbo nǹkan kéékèèké sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe àwọn ọmọ, pàápàá ẹnu àti ẹsẹ̀, ọwọ́ wọn ò gbà á. Ojú oníke yẹn ńkọ́? Tí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3 bá wà nílé, ẹ kó o kúrò níbẹ̀ pátápátá, ó lè há a lọ́fun. A tún ṣe òwìwí kan, máákà dúdú la fi ya ojú ẹ̀, ó sì dáa ju ti inú páálí lọ.