Ilẹ̀ tí ilé wa jókòó lé: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ bá délẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Orí àpáta la wà, kò kàn wá." Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa kò rí bíi Japan tàbí Mexico, níbi tí ilẹ̀ ti ń mì lemọ́lemọ́. Àmọ́ ilẹ̀ ti mì ní ilẹ̀ Yorùbá rí. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1984 ní Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde àti Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, wọ́n mọ̀ ọ́n lára láti Àkúrẹ́ títí dé Ọ̀yọ́. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009. Kò le, kò sì wó ìlú. Mi ò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ká mi lára ni pé bí a ṣe ń ra ilẹ̀ tí a sì ń fi ìpìlẹ̀ lé e kún fún àṣìṣe tó lè sọ ìmìtìtì kékeré di ohun tó ń la ògiri. Àwọn àṣìṣe yìí kan náà ló sì ń la ilé wa láì sí ìmìtìtì kankan.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a máa pe gbogbo ìlú ní àpáta. Àpáta wà lábẹ́ wa lóòótọ́, ó sì yọrí síta níbì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé wa kò jókòó lé e. Ẹ lọ dúró ti àwọn agbẹ́kànga nígbà tí wọ́n bá ń da erùpẹ̀ sókè. Erùpẹ̀ dúdú díẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde, erùpẹ̀ pupa á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà yangí tí dígà fi ń han gooro. Lẹ́yìn yangí ni amọ̀ rírọ̀ tó ní àbàwọ́n funfun àti pupa, tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì. Òkúta tó ti jẹrà ló kù, èyí tó ń dán yinrinyinrin, tí ẹ lè fi ọwọ́ lásán rún, kí wọ́n tó kan àpáta gidi. Jíjìn gbogbo èyí kò dọ́gba. Ẹni tó wà ní Sábó lè kan òkúta kíá, kí ẹlòmíràn tí kò jìnnà sí i gbẹ́ títí kó tó rí i.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì nìyí. Ìgbì tí ìmìtìtì rán jáde máa ń sáré gan-an nínú àpáta, mímì rẹ̀ á sì kéré. Bó bá wọ inú erùpẹ̀ rírọ̀, eré rẹ̀ á já, ṣùgbọ́n agbára tó gbé wá ṣì wà lára rẹ̀, nítorí náà mímì rẹ̀ á fẹ̀ sí i. Ó tún lè há sáàárín àpáta àti ojú ilẹ̀, kó máa lọ kó máa bọ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹnjiníà máa ń wo bí ìgbì ṣe ń yára tó nínú mítà 30 tó wà lókè. Bó bá ju mítà 760 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n kà á sí àpáta. Bí kò bá tó 180, ilẹ̀ rírọ̀ ni. Ilé méjì nínú ìlú kan náà lè wà lórí ilẹ̀ méjì tó yàtọ̀ báyìí, kí ìmìtìtì kan ṣoṣo sì ṣe wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ó jìnnà sí wa"

Àwọn ará Mexico City ti kẹ́kọ̀ọ́ èyí pẹ̀lú ẹkún. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, ilẹ̀ mì létí òkun ìpínlẹ̀ Michoacán pẹ̀lú ìwọ̀n 8.0, ibi tó jìnnà sí olú ìlú náà ní ohun tó lé ní kìlómítà 350. Bí ìgbà tí ilẹ̀ mì ní Àbújá tí ilé wá wó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú nínú ìlú náà. Orí adágún omi Texcoco àtijọ́ ni àárín ìlú yẹn wà, amọ̀ tó kún fún omi ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lórí amọ̀ náà ka mímì tó tó ìlọ́po márùn-ún ohun tí èyí tó wà lórí òkúta nínú ìlú kan náà kà. Àwọn tó ń gbé lápá òkè olókùúta kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan.

"Ilé ilẹ̀ lásán ni tèmi"

Èyí ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ jù, nítorí ó ti wọ̀ wá lára pé ilé gíga nìkan ni ìmìtìtì ń wó. Ilé ní ijó tirẹ̀, ilẹ̀ ní ìlù tirẹ̀, ìyẹn ni àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń mì lọ mì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ilé tí ijó rẹ̀ bá bá ìlù ilẹ̀ mu ló ń wà nínú ewu. Ẹ lè ṣírò ìlù ilẹ̀ fúnra yín. Ẹ fi 4 sọ jíjìn ilẹ̀ rírọ̀ náà di púpọ̀, kí ẹ wá fi iye mítà tí ìgbì ń rìn nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan pín in. Ní Mexico City, níbi tí amọ̀ bá ti jìn tó mítà 40, tí ìgbì sì ń rìn mítà 80, ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni yóò jẹ́. Ti ilé ńkọ́? Wọ́n máa ń fojú bù ú sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá fún àjà kọ̀ọ̀kan, bí ilé bá sì ti ń sán, mímì rẹ̀ á túbọ̀ máa falẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé alájà 6 sí 15 fi wó jù ní 1985, tí ọ̀pọ̀ ilé kúkurú tí wọ́n ti kọ́ láyé àwọn òyìnbó Sípéènì sì dúró láàárín wọn.

Ẹ wá ṣe ìṣirò náà fún ilẹ̀ tiwa. Ká ní erùpẹ̀ àti amọ̀ tó wà lórí àpáta jìn tó mítà 10, tí ìgbì ń rìn mítà 200 nínú rẹ̀. 4 lọ́nà 10, ẹ fi 200 pín in: ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olókè kan nìyẹn, irú èyí tó pọ̀ jù láàárín ìlú wa. Ilẹ̀ tó tín-ín-rín lórí àpáta líle máa ń yára mì, ilé kúkurú ló sì ń bá a jó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé òun bọ́ nítorí pé kò ga. Bí ẹ bá ń kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kí líńtẹ̀lì yí gbogbo ilé ká láì já níbì kankan, pẹ̀lú irin nínú rẹ̀, kí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè di ara wọn mú. Líńtẹ̀lì tí wọ́n gé sókè fèrèsé àti ilẹ̀kùn nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Àkùrọ̀ tí wọ́n sọ di púlọ́ọ̀tì

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ta á. Ilẹ̀ á ti gbẹ, á ti sán, ajẹ́ńtì á sì ní tipa mẹ́wàá péré ló kù kí ẹ dà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ wò ó nínú oṣù kẹsàn-án kí ẹ tó sanwó. Bí kókò àti ìrèké bá ń ṣe dáadáa níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké lọ́sàn-án, tí ihò tí kò ju orúnkún lọ ń sun omi, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Pàǹtí, èérún búlọ́ọ̀kù àti erùpẹ̀ tí wọ́n kàn dà sílẹ̀ kò lè sọ irà di ilẹ̀ líle. Irà tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun ni yóò sì mú mímì pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ yanrìn tí kò kì dáadáa ni wọ́n dà, tí omi sì kún inú rẹ̀, ohun tó burú jùyẹn lọ lè ṣẹlẹ̀: ìmìtìtì á jẹ́ kí yanrìn náà máa ṣe bí omi. Ní Niigata, ní Japan, ní 1964, àwọn ilé alájà mẹ́rin dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ wọn yọ́. Ara ilé fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́ púpọ̀. Ní San Francisco, wọ́n ti fi yanrìn dí etí omi ní àdúgbò Marina kí ìpàtẹ ńlá ọdún 1915 tó wáyé. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní 1989, ní ibi tó tó nǹkan bíi kìlómítà 100 sí ibẹ̀, àdúgbò yẹn wà lára àwọn tó bàjẹ́ jù nínú ìlú náà. Bí kò bá sí ibòmíràn tí agbára yín ká, ẹ kó ohun tó ti jẹrà kúrò, kí ẹ máa da erùpẹ̀ líle sí i ní ìpele tín-ín-rín, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ kì í, ìpele kan lẹ́yìn èkejì. Owó ńlá ni lóòótọ́. Owó àtúnṣe ilé tó là kò kéré náà.

"Bàbá, ìpìlẹ̀ yìí, fíìtì mẹ́ta ló máa jẹ́. Fíìtì mẹ́ta ni Alhaji ẹ̀gbẹ́ yín gbẹ́, ilé wọn ṣì dúró." Báyìí ni ọ̀gá bíríkìlà ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀, onílé á sì gbà. Ilẹ̀ Alhaji kì í ṣe ilẹ̀ yín. Ẹ gbẹ́ ihò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fojú yín rí ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí igun kan bá kan yangí, tí èkejì ṣì wà nínú erùpẹ̀ tí wọ́n dà, ẹ má ṣe tíì pe ẹni tó máa po kọnkéré. Fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀. Ìlú tó ní LAUTECH, tó ní ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ti iṣẹ́ ẹnjiníà, kò yẹ kó máa fojú díwọ̀n ìpìlẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn ṣóńṣó òkè náà, ẹ mọ̀ pé mímì máa ń pọ̀ sí i lórí góńgó ju ẹsẹ̀ òkè lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ òkúta.

Èyí tó kù ni ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mì. À ń pariwo fún ọjọ́ kan, a ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ àti àdúgbò tí ẹ wà, bóyá Másífà ni tàbí Under G. Ẹ kọ bóyá ilẹ̀ ni ẹ wà tàbí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bóyá àwo mì tàbí ògiri là, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, tàbí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lára náà, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí inú ìyàtọ̀ àárín àdúgbò kan àti èkejì ni wọ́n ti ń mọ ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀.