Ẹ fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ arọ wọ bàálù? Ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú màmá tàbí bàbá tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ láti Èkó lọ sí London, ẹ má dúró dọjọ́ ìrìnàjò kẹ́ ẹ tó sọ fáwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú o. Wákàtí 48 ṣáájú ni òfin UK àti ti Yúróòpù dá, àmọ́ tèmi ni pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ni kẹ́ ẹ ti pè wọ́n, kẹ́ ẹ fi í-meèlì tì í lẹ́yìn, torí ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù kọ́ lẹ máa bá ní kántà.

Wọ́n máa bi yín bóyá ó lè rìn. Ẹ má ṣojú ayé níbí jàre. Ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn àmọ́ tí ìrìn jíjìn ń dà láàmú, WCHR ni àmì tí wọ́n máa kọ síwájú orúkọ ẹ̀, ẹni tí ò lè gun àtẹ̀gùn àmọ́ tó lè rìn dé ìjókòó ẹ̀, WCHS, ẹni tí ò lè dá rìn rárá, WCHC. Àwọn àgbà wa dẹ̀ rèé, "ta ló ní mi ò lè rìn?", tí wọ́n bá wá kọ WCHR síbi tó yẹ kí WCHC wà, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni màmá máa jókòó sí tí wọ́n á máa wá ẹni tó máa gbé wọn gòkè.

Ẹ ò ní sanwó kẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí màmá lò ó dé ẹnu bàálù. Kí wọ́n tó gbà á, ẹ yọ tìmùtìmù àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ẹ kó o dání wọlé, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níwá lẹ́yìn, kẹ́ ẹ lẹ bébà tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ká a mọ́ ọn lára. Tó bá jẹ́ oníbátìrì lithium tó ṣeé yọ, agbára bátìrì yẹn ò gbọdọ̀ ju 300Wh (watt-hour, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ẹ̀) lọ (tó bá jẹ́ méjì, 160Wh ni ìkọ̀ọ̀kan), ọ̀dọ̀ yín nínú bàálù ló máa wà, ẹ fi téèpù bo ojú iná ẹ̀.

Tí wọ́n bá bà á jẹ́ ńkọ́? Ẹ má kúrò ní ẹ́pọ́ọ̀tù láìgba ìwé pé ẹ ti fẹjọ́ sùn, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí wọn kí ọjọ́ 7 tó pé. Àdéhùn Montreal, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ọkọ̀ òfurufú, ló ń darí ìrìnàjò òkè òkun, 1,519 SDR (ìdíwọ̀n owó àjọ IMF) dẹ̀ ni owó tó pọ̀ jù tí wọ́n máa san, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ oníná míì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ lẹ ní, ẹ ní kí wọ́n kọ iye owó tí kẹ̀kẹ́ náà tó sílẹ̀ ní kántà kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, wọ́n lè gbowó díẹ̀ lé e, ẹ san án.