Ìdí Tí Margit Fi Ń Lù Yín Bolẹ̀ Nínú Elden Ring

Ìbéèrè: Mo ń gbá Elden Ring, géèmù tí iléeṣẹ́ FromSoftware gbé jáde lóṣù Kejì ọdún 2022. Mo ti dé iwájú ilé olódi Stormveil, ṣùgbọ́n Margit, arúgbó oníwo tí ń ṣọ́ ibẹ̀, kò jẹ́ kí n kọjá. Mo ń tètè yẹ ọ̀pá rẹ̀, síbẹ̀ ó ń bà mí. Ṣé pádì mi ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Títètè yẹ̀ ẹ́ gan-an ni wàhálà. Margit a máa gbé ọ̀pá sókè, a sì dá a dúró lókè kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí àwọn tó ṣe géèmù náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lè mú sùúrù tí wọ́n bá ti rí ọ̀pá lókè. Ẹni tó bá ti yí gbirigbiri ṣáájú, ìgbà tó bá ń dìde ni ọ̀pá á bá a. Ẹ dúró di ìgbà tí apá rẹ̀ bá ń bọ̀ wálẹ̀, kí ẹ wá yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípò kí ẹ máa fà sẹ́yìn, torí ọ̀pá náà gùn ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́ láìbá a jà rárá, kí ẹ kàn máa yẹ ọ̀pá títí ojú yín á fi mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Ara mi wúwo tí mo bá ń yí.

Ìdáhùn: Bí ẹrù ara yín bá ti ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ lè gbé, yíyí yín á lọ́ra. Ẹ bọ́ díẹ̀ nínú ìhámọ́ra. Bó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ ń lò, ẹ tan Game Mode rẹ̀, kí àwòrán má baà máa pẹ́ dé.

Ìbéèrè: Àwọn rune, owó inú géèmù náà, tí mò ń pàdánù bí mo bá kú ló ń bí mi nínú jù.

Ìdáhùn: Ẹ ná wọn kí ẹ tó wọlé. Patches, oníjìbìtì inú ihò Murkwater, ń ta Margit's Shackle, ìyẹn ṣẹkẹṣẹkẹ̀ kan, ní rune 5,000 bí ẹ bá dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ìgbà méjì péré ni ó lè de Margit mọ́lẹ̀, ní apá àkọ́kọ́ ìjà, àmọ́ ẹ ó rí àyè gbá a dáadáa.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ìtìjú bí mo bá pe Rogier, oṣó inú géèmù náà, kó ràn mí lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ìtìjú wo? Àwọn tó ṣe géèmù ló fi àmì tí a fi ń pè é síwájú ilẹ̀kùn. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ pè é, ẹ gba gúúsù lọ sí Weeping Peninsula: Sacred Tear mẹ́ta wà ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ tí yóò mú oògùn yín lágbára sí i, ẹ sì lè rọ ohun ìjà yín dé ìpele +3 ní Church of Elleh kí ẹ tó padà wá bá a.