Bí a ṣe ń mọ ohun tí òwìwí àti àwòdì ń jẹ ní Èkó, àti ibi tí wọ́n pọ̀ sí

Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá ní Ìdúmọ̀tà pé kí ni òwìwí ń jẹ, ẹ ó gbọ́ ìtàn mẹ́wàá, àjẹ́ ò sì ní ṣàìsí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ ń fi ìdáhùn sílẹ̀ lábẹ́ ibi tó ń sùn. Òwìwí kì í já eku jẹ díẹ̀díẹ̀ bó bá kéré, odidi ló ń gbé e mì. Ẹran á dà nínú rẹ̀, irun àti egungun ò ní dà. Wọ́n á ṣù pọ̀, ẹyẹ á sì bì wọ́n jáde. Ìṣù èébì yìí, tó máa ń tó àtàǹpàkò àgbàlagbà, ni a ó máa wá.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ní túńdrà. Túńdrà ni ilẹ̀ tútù tó wà lápá àríwá ayé pátápátá, ní Rọ́ṣíà, Kánádà, Alaska àti apá kan Norway, níbi tí igi ńlá kì í hù nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ dì gbagidi látọdún dé ọdún. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun ń gbé ibẹ̀, òwìwí funfun ń gbé ibẹ̀, eku kékeré onírun kíki kan tí wọ́n ń pè ní lemming sì ni àwọn méjèèjì ń jẹ jù. Lẹ́yìn ọdún 3 sí 5, lemming á pọ̀ rẹpẹtẹ, lẹ́yìn náà wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lọ́dún tí wọ́n bá pọ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan lè bí ju ọmọ 10 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́dún tí wọn ò bá sí, òwìwí funfun lè má yé ẹyin rárá, á wábi gbà.

Ṣùgbọ́n ní Iceland, kò sí lemming. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀, ẹyẹ òkun ló ń jẹ, àti ẹyin, àti òkú ẹran tí omi bá gbé wá sétí òkun. Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí nìyẹn: ẹ ò lè mọ oúnjẹ ẹranko kẹ́ ẹ má mọ ibi tó ń gbé. Ẹyẹ tó ń gbé lórí àjà ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti èyí tó ń gbé létí ọ̀sà ní Akọka lè jẹ́ irú kan náà, kí oúnjẹ wọn má dọ́gba. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n fún wa bí a ò bá wá a fúnra wa.

Wíwá ìṣù

Àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, pàápàá ládùúgbò Campos, níbi tí àjà ilé ti ga tí ihò sì wà lábẹ́ páànù. Ẹ wo ara ògiri. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ funfun tó ṣàn wálẹ̀ lójú kan ṣoṣo, ẹ wo ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìṣù tuntun máa ń dúdú, ó sì máa ń dán. Èyí tó ti pẹ́ á ti di eérú, á máa fọ́.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kẹ́ ẹ tó gun àjà. Ìyá tó ni ilé tí mo ti kọ́kọ́ ṣe é dúró sídìí àkàbà, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wá lórí àjà mi gan-an?” Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà, eku tó ń jẹ ìrẹsì yín ni mò ń kà.” Wọn ò gbà mí gbọ́ títí mo fi to egungun eku sórí ìwé níwájú wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ju òkò sí ẹyẹ náà mọ́.

Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹyẹ. Bí ọmọ bá wà nínú ìtẹ́, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Èyí kì í ṣe àṣejù o: ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lè gbé àìsàn Lassa, eku sì máa ń wà níbi tí òwìwí bá wà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbá gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ mọ̀ dájú pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni ẹyẹ jẹ ẹ́. Ẹ kó o sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti ibi sí i lára lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ó ti dàpọ̀ nìyẹn.

Títú ìṣù

Ẹ fi fọ́ìlì wé e, ẹ fi sínú ófùn tó gbóná dé 160°C fún ìṣẹ́jú 40 kí kòkòrò àìsàn lè kú. Ẹni tí kò bá ní ófùn lè lo ìkòkò oníyanrìn tí àwọn ìyá wa fi ń yan kéèkì. Kí ìkòkò náà má padà sí ibi oúnjẹ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ìṣù sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú àwo funfun fún nǹkan bí wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá fi abẹ́rẹ́ méjì tú u jẹ́jẹ́. Orí asẹ́ ni kẹ́ ẹ ti da omi rẹ̀ nù. Èyí tí mo kọ́kọ́ tú, inú kòtò ìdọ̀tí ni mo da omi rẹ̀ sí, gbogbo eyín tó ti já sì bá omi lọ. Nínú eyín la ti ń mọ irú ẹran tó jẹ́.

Ẹ wá párì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kéré ju èékánná lọ, ó funfun, àmọ́ eyín iwájú rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ bí àdá ìkórè, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí èèpo ọsàn. Lẹ́yìn eyín yẹn, àlàfo wà kó tó kan eyín ẹ̀yìn. Eku nìyẹn. Bí kò bá sí àlàfo, tí eyín to tẹ̀léra láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí gbogbo rẹ̀ mú ṣóńṣó tó sì funfun, asín ni. Agbárí tó ní ẹnu ṣóńṣó tí kò léyín rárá, ẹyẹ ni. Ẹ̀yìn kòkòrò líle tó ń dán náà á máa jáde, ẹ má dà á nù.

Kíkà rẹ̀ gba ọgbọ́n. Ẹ ya párì ọwọ́ òsì sọ́tọ̀ àti ti ọwọ́ ọ̀tún sọ́tọ̀. Bí òsì bá jẹ́ 7 tí ọ̀tún jẹ́ 5, eku ò dín ní 7.

Wíwo àwòdì

Ti àwòdì yàtọ̀. Ikùn rẹ̀ le ju ti òwìwí lọ, ó ń yọ́ egungun púpọ̀, irun àti ìyẹ́ ló sì máa ń pọ̀ jù nínú ìṣù rẹ̀. Ojú la fi ń ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ìparí ìrù rẹ̀ là bí ìrù ẹja, ó sì ń yí ìrù náà bó ṣe ń rà bàbà. Ẹyẹ kékeré tí ìrù rẹ̀ kò là, tó já lu alángbá lẹ́ẹ̀kan náà tó sì wọgi lọ, àṣá ni, ẹ má kọ ọ́ mọ́ àwòdì.

Ẹ mú ibi mẹ́ta tí oúnjẹ wọn yàtọ̀ síra: etí omi ní Mákòókò, ìtòsí ààtàn Olúṣòsùn, àti ibi ìpẹran Oko-Ọba. Ẹ dúró sójú kan náà, ní aago kan náà, fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ rí, àti ohun tó wà ní èékánná wọn: ẹja, ìfun, eku, tàbí ọ̀rá lásán. Àwòdì máa ń jẹun lójú òfuurufú, ẹ ó rí i bó ṣe ń tẹ orí ba sí ẹsẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ 0. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ ọ́, ó sì ń dùn mí. Gúnnugún ti wà lára àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu àkúrun tó ga jù lágbàáyé láti ọdún 2015. Òfo tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ ọjọ́ tó kúrò ládùúgbò kọ̀ọ̀kan.

Ní túńdrà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ sí ọrùn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé lọ́dún 2018, abo kan tí kò tíì dàgbà tán rìn lórí yìnyín láti Svalbard, àwọn erékùṣù tó jẹ́ ti Norway, dé erékùṣù Ellesmere ní Kánádà, 3,506 kìlómítà ní ọjọ́ 76. Àwa ò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ a pọ̀. Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tó ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà, ti pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí ojú àpótí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà 9 níbùú àti lóròó. Ẹ gba BirdLasser, áàpù tí a fi ń kọ ẹyẹ tí a bá rí sílẹ̀, sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lo ó kéré tán wákàtí méjì nínú ojú àpótí yín, kẹ́ ẹ kọ ẹyẹ bẹ́ ẹ ṣe ń rí wọn tẹ̀léra.

Ẹ má dáwọ́ dúró nígbà òjò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì pọ̀ ní Èkó. Bí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an, púpọ̀ nínú wọn á gbéra lọ sí àríwá, wọ́n á sì padà nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ sí Mákòókò nínú oṣù Keje bẹ́ ẹ ṣe lọ nínú oṣù Kìíní, ojú kan náà, aago kan náà, ìṣẹ́jú 20 kan náà, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ ṣófo.