Ẹ Pa Á Kí Ẹ Tó Gbé E: Ìwé Ìtọ́sọ́nà lórí Láptọ́ọ̀pù fún Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ ti gba láptọ́ọ̀pù, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún, àti àwọn ará ilé tó ń bá yín lò ó. A ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tan án, tàbí bí wọ́n ṣe ń to orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sínú Excel. Ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo la bá wá, nítorí òun la ń bá pàdé nígbà gbogbo tí wọ́n bá gbé èyí tó bàjẹ́ wá: ẹ ń pa ìdérí dé, ẹ ń kì í bọ báàgì, ẹ ń gbé e gun ọ̀kadà, ẹ sì gbà pé ó ti kú. Kò tíì kú.

Láptọ́ọ̀pù tí ẹ kàn pa ìdérí rẹ̀ dé, ó ń sùn ni. Oorun ajá ni oorun náà, ojú dí, etí wà lókè. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ ṣì wà níbẹ̀, bátìrì ló ń gbé e ró. Bí bátìrì bá tán, ohun tí ẹ kò tíì fi pamọ́ lè bá a lọ. Kílò kòkó tí ẹ ti ń wọ̀n láti àárọ̀, owó àjẹṣẹ́kù tí ìyá àgbà kan san láìgba rìsíìtì, ta ni yóò wá tún un kà fún yín?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bátìrì yín gba 40 Wh (Wh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), kí oorun máa jẹ 1 Wh ní wákàtí kan. Bó bá kún, ó lè sùn fún wákàtí 40. Ṣùgbọ́n ìdá 20 nínú 100 ni ọ̀pọ̀ yín máa ń fi sílẹ̀ kí ẹ tó pa á dé. Wákàtí 8 péré nìyẹn. Ẹ pa á dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó lè ti kú kí ẹ tó kírun àárọ̀. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan sì ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báyìí ni kí ẹ ṣe. Kí ẹ tó dìde lórí àga, ohun yòówù kó gbé yín dìde, ẹ tẹ Ctrl àti S pa pọ̀ láti fi iṣẹ́ yín pamọ́. Bí ẹ kò bá ní pẹ́ tó ìṣẹ́jú 30, ẹ jẹ́ kó sùn lórí tábìlì, kò sí wàhálà níbẹ̀. Láti ìṣẹ́jú 30 títí dé wákàtí 2, ó ṣì lè sùn, bí bátìrì bá ju ìdá 50 lọ tàbí tó bá wà lójú ṣájà. Bó bá ju wákàtí 2 lọ, tàbí tí ẹ bá ń lọ sùn, Shut down ni kí ẹ tẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e jáde nílé, kò sí ọ̀rọ̀ wákàtí nínú rẹ̀. Ìbáà ṣe ojúlé kejì lẹ ń lọ, Shut down ni. Ẹ dúró kí iná ara rẹ̀ kú, kí fáànù dákẹ́, lẹ́yìn náà ẹ ka 1 dé 30 kí ẹ tó fi í sínú báàgì. Báàgì kì í jẹ́ kí ooru jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows ìwòyí lè jí fúnra wọn láti wá ìsọfúnni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jí nínú báàgì, yóò gbóná, ooru sì ni ọ̀tá bátìrì. Èyí tó ń lo hard disk àtijọ́ tó ń yí tún burú jù: bí ọ̀kadà bá já sí kòtò nígbà tó ṣì ń yí, ó lè ha, kí fáìlì sì lọ pátápátá.

Àwọn kan ń sọ pé pípa àti títan lójoojúmọ́ ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Irọ́ ni. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tó fi ń tàn lẹ ń sá fún, ẹ sọ òótọ́.

Fún ẹni tó mọ ara rẹ̀ ní onígbàgbé, ọ̀nà wà. Ẹ ṣí Control Panel, ẹ wọ Power Options, ẹ tẹ Choose what closing the lid does. Níbi tí wọ́n kọ On battery sí, ẹ yí Sleep sí Hibernate, kí ẹ sì tẹ Save changes. Hibernate máa ń kó gbogbo iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ sórí hard disk, á sì pa ara rẹ̀, kò ní jẹ bátìrì bíi ti oorun. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, Shut down ni kí ẹ yàn, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Ctrl àti S o.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, Shut down kì í fọ gbogbo inú ẹ̀rọ mọ́ lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Ó ń fi díẹ̀ pamọ́ kó lè tètè tàn lọ́jọ́ kejì. Èyí kò ní kó má ṣeé gbé, ó ti kú ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá kọ̀ tí kò dáhùn, tàbí tó bá ń falẹ̀, ẹ má pa á kí ẹ tún tan án, Restart ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kódà bí kò bá ṣe nǹkan kan.

Ẹ yé di bọ́tìnnì iná mú kó lè tètè kú. Ìgbà tó bá dì pa, tí ẹ sì ti dúró fún ìṣẹ́jú 10 láìrí ìyípadà, nìkan lẹ lè dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Bó bá sì kọ ọ́ sójú pé òun ń ṣe update, kí ẹ má pa òun, ẹ má pa á.

Ẹ yọ ṣájà kí ẹ tó fa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì tún yọ ọ́ kí ẹ tó pa á. Bí NEPA bá mú iná wá, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó kì í bọ ojú iná. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ń fi wo fíìmù pé kí wọ́n má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Tìmùtìmù ń dí ibi tí ooru ń gbà jáde.

Tí ẹ̀rọ kò bá ní ṣiṣẹ́ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìgbà tí kòkó ti kásẹ̀, ẹ ṣe bátìrì sí ìdá 50, ẹ di Shift mú bí ẹ ti ń tẹ Shut down kó lè kú pátápátá, kí ẹ gbé e síbi tí ooru kò ní ju 35°C lọ. Abẹ́ páànù kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù 3, ẹ tan án wò, kí ẹ tún ṣájì rẹ̀ padà sí ìdá 50.